Ẹkùn inú Ìjálá Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí a jọ jẹ oúnjẹ Olúwa lówùúrọ̀ yìí. Ẹni tí oòrùn ń pa, kí ó wọ abẹ́ igi odán. Ẹni tí ó ní àga, kí ó gbé e fún àgbà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń fi mú oúnjẹ dà nínú. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe pa erin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe bá iwin olórí mẹ́ta jìjàkadì, tí mo gbá ọ̀kan nínú orí rẹ̀ mú tí mo fi lu méjì yòókù. Bí mo bá bù mọ́ ìyẹn díẹ̀, kí Olúwa dárí rẹ̀ jì mí. Ẹnu ọdẹ kì í ṣe ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹran. Ṣùgbọ́n èyí, n kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí Ìyá Ìjọ ń sọ lẹ́yìn un nì. Ẹ ní kí lẹ wí, Mọ̀ọ́mì? Ẹ ní ṣé ẹran tí mo mú bọ̀ lọ́jọ́ náà tóbi? Mọ̀ọ́mì, n kò mú ẹran kankan bọ̀. Ọwọ́ òfo ìbá sì sàn ju ohun tí mo mú bọ̀ lọ.

Jóṣúà Ọdẹ́ríndé ni mí, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Ẹ má wo ẹ̀yìn mi tí ó tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo ń wí yìí, bí mo bá wọ igbó, àwọn ẹranko a máa kí ara wọn pé ó dìgbóṣe. Ohun tí mo sì fi ń yangàn jù kì í ṣe ìbọn mi, ìmọ̀ mi ni. Mo mọ oríkì ẹranko gbogbo, láti orí erin títí dé orí òkété. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ìjálá ni orin àwa ọdẹ, òun ni a fi ń ki ẹranko àti igi àti ènìyàn. Àṣà wa ni pé bí ẹnìkan bá ń ki ẹranko, tí ó sì ṣì í kì, ọdẹ tí ó mọ̀ jù ú lọ yóò dìde, yóò ní, “Irọ́ lo pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.” Lẹ́yìn náà yóò sọ bí ó ṣe rí gan-an. Kò sí ìjà níbẹ̀, bí a ṣe ń pa ìmọ̀ mọ́ láti ìran dé ìran nìyẹn. Ní ayé ìgbà náà, kò sí apohùn tí ó lè ṣi ẹranko kì níwájú mi kí ó sì parí rẹ̀. N kì í jẹ́ kí wọ́n mí.

Ẹfọ̀n kan ni ó gbé mi dé ìlú tí mo ń wí. Ó ti kan ọ̀rẹ́ mi pa, mo sì ti búra pé n óò gé ìrù rẹ̀ wálé fún opó ọ̀rẹ́ mi. Mo yìn ín níbọn ní kùtùkùtù, ọta bà á ní èjìká, ó sì sá wọ Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn nínú igbó náà yóò gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo rántí aya Lọ́ọ̀tì, mo di ọrùn mi le, mo sì tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n.

Kò pẹ́ tí mo fi pàdé iwin kan tí ó ru ilé ara rẹ̀ lórí, ilé tòun ti ilẹ̀kùn tòun ti ààrò, èéfín sì ń rú jáde lójú fèrèsé. Ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

Ó ní, “Ọdẹ, n óò pa ọ́ jẹ, àfi bí o bá já àlọ́ mi. Kí ni ó wúwo ju ilé tí mo rù yìí lọ, tí ọmọdé sì lè sọ ọ́ sókè láìfi ọwọ́ kàn án?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìwọ iwin aláìnílé-ní-ilẹ̀ yìí, ṣé èyí náà ni àlọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni.”

Ó yà fún mi. Bí mo ṣe ń kọjá, ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, “O mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹni tí kò tíì gbé e rí ni ó máa ń yá lẹ́nu bẹ́ẹ̀.” Mo ṣe ṣùtì sí i. Ẹ ò rí i pé bí ìparun bá ń bọ̀, ìgbéraga ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo dé odò kan tí ó mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bu omi, odò náà fà sẹ́yìn. Mo sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń lé omi nínú igbó bí ẹni ń lé adìẹ. Ètè mi là, ahọ́n mi gbẹ bí awọ ìgalà tí a sá sóòrùn. Mo ń pe orúkọ Jésù láìlóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n ti pòórá tipẹ́, èmi ni mo wá dà bí ẹran tí a ṣá lọ́gbẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, mo rí ògiri ìlú kan níwájú mi.

Oníbodè tí ó ń ṣọ́ ẹnubodè náà kì í ṣe ènìyàn bí tiwa. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n rọ̀ dé orúnkún rẹ̀, wọ́n sì ń mì láìsí afẹ́fẹ́. Àwọn Elétí ni wọ́n ń pe irú wọn, àwọn ni ìránṣẹ́ ọba ìlú náà.

Ó bi mí pé, “Àlejò, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Ọdẹ ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, omi.”

“Ọdẹ?” Etí rẹ̀ dìde dúró. “Ṣé o mọ ẹkùn?”

Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ẹ̀yin ènìyàn, síbẹ̀ mo rí itọ́ fi fọ́nnu. Mo ní, “Ẹkùn? Mo mọ ẹkùn bí mo ṣe mọ ilé bàbá mi. Mo mọ ohun tí ó ń jẹ, mo mọ ibi tí ó ń sùn, mo mọ bí ó ṣe ń lá ọmọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹkùn lè ṣe tí n kò mọ̀.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Ó kí mi káàbọ̀ bí ẹni ń kí ọkọ ìyàwó. N kò bi ara mi léèrè pé kí ni oníbodè fẹ́ fi ẹkùn ṣe.

Ẹmásọ ni orúkọ ìlú náà. Ìlú mímọ́ ni, wọ́n gbá a bí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń kí ara. Àwọn ènìyàn ń rìn pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, ẹnu wọn pa dé. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé oòrùn ń ràn, èmi nìkan ni mo sì ní òjìji.

Obìnrin kan tí ó ń hun ẹní níwájú ilé rẹ̀ rí mi bí mo ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ mọ́. Kò bèèrè orúkọ mi. Ó dìde, ó bu omi nínú ìkòkò, ó gbé orí mi lé apá rẹ̀, ó sì ń kán an sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lágbo.

Ó ní, “Rọra mu. Bí o bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, yóò pa ọ́.”

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ó fún mi ní ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ gbúre, ó tẹ́ ẹní tuntun fún mi. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bi í pé, “Ìyá, òjìji yín dà?”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ó wà ní ààfin, nínú àgbá. Ọba Atẹnibọlẹ̀ a máa gba òjìji ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹni tí òjìji rẹ̀ bá wà ní àtìmọ́lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè kọjá ẹnubodè.”

“Kí ló wá dé tí ẹ kò pariwo?”

“Jẹun, ọmọ mi,” ó dá mi lóhùn. “Ní ìlú wa, a kì í sọ̀rọ̀ ọba, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Ẹranko nìkan ni a lè sọ̀rọ̀ rẹ̀.”

Ó wí bẹ́ẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Bí mo bá ní làákàyè tó ti ewúrẹ́, ìbá yé mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú péjọ sí ìdí kànga láti pọn omi. Àwọn Elétí mẹ́fà jókòó lórí ògiri, etí wọn tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Àwẹ̀ró gbé agbè rẹ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin afọ́jú kan tí ó ń fa omi, Bàbá Lámbẹ́ ni wọ́n ń pè é, dá ọwọ́ dúró. Ohùn obìnrin náà sì dìde, ohùn ìjálá gan-an, bí ẹni pé ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí:

“Ẹkùn o, ẹkùn!
Ó jẹun yó tán, ó tún ń fi eyín wá oúnjẹ.
Ó fi ìtẹ́ ṣe ibùba, ó fi adé bo etí.
Ó jẹ ọmọ tán, ó ní kí ìyá ọmọ wá jó.
À ń sunkún, ó ní ohùn wa dùn.
Àwa ewúrẹ́ la lọ́ okùn tí wọ́n fi so wá,
Àwa la pọ́n ọ̀bẹ, àwa la dáná,
Àwa la tún ń bi ara wa pé ta ló kàn.
Ẹkùn kò sáré, ẹkùn kò fò,
Ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹran ń rìn wọ ẹnu rẹ̀.
Bí mo bá sá, ẹsẹ̀ mi di tirẹ̀,
Bí mo bá dúró, ọrùn mi di tirẹ̀.
Ẹkùn o, ẹkùn,
Ó ti rẹ ilẹ̀ tí o dùbúlẹ̀ lé, kò lè wí.”

Bí ó ti ń kì í, mo rí i tí omi ń bọ́ lójú àwọn ènìyàn. Mo rí i tí ẹ̀yìn wọn ń nà díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n gbé orí sókè, ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ojú mi rí gbogbo èyí, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n etí ọdẹ ni mo fi ń gbọ́. Ẹkùn tí ó dé adé! Ẹkùn tí ó jókòó de ẹran! N kò lè mú un mọ́ra. Mo fò dìde láàrin èrò.

Mo ní, “Irọ́ lẹ pa, ìyá! Kò rí bẹ́ẹ̀! Ẹ má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Bí ẹkùn bá yó, yóò gbé èyí tí ó kù sórí igi, yóò sì lọ sùn. Ẹkùn kì í jókòó de ẹran, a máa ṣọdẹ bí èmi náà ti ń ṣọdẹ. Kò dé adé, kò gun ìtẹ́, kò sì sí ẹran tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ẹnu rẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi wà nínú igbó. Èyí tí ẹ kì yìí, kì í ṣe ẹkùn!”

Agbè kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fọ́. Bàbá Lámbẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀ tí kò ríran. Àwọn Elétí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bọ́ sílẹ̀ lórí ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mú Àwẹ̀ró lápá ọ̀tún, wọ́n mú un lápá òsì. Kò jà. Ó kàn wò mí, bí ìyá ṣe máa ń wo ọmọ tí ó da epo nù.

Olórí àwọn Elétí dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ọdẹ, ìlú yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Baba ńlá ọba wa búra nígbà tí ó gba ìlú pé òun àti ìran òun kò ní í pa ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ki ẹranko, àfi bí ẹni tí ó mọ ẹranko náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń kì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni obìnrin yìí ti ń ki ẹkùn rẹ̀. A mọ ẹni tí ó ń bá wí, ajá ilé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìlú yìí kò sí ẹni tí ó rí ẹkùn rí.” Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. “Ìwọ ni ẹlẹ́rìí tí a ti ń wá.”

Wọ́n mú un lọ. Àwọn ènìyàn pọn omi wọn, wọ́n sì túká. Èmi àti Bàbá Lámbẹ́ nìkan ni ó kù ní ìdí kànga.

Mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. “Bàbá, n kò mọ̀. Àṣà wa ni, bí ẹnìkan bá ṣi ẹranko kì…”

Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. “Ta ló sọ fún ọ pé ó ṣì í kì? Obìnrin tí ó fún ọ lómi mu! Ìwọ tí o mọ ẹranko gbogbo, o kò mọ ẹkún?”

“Bàbá, kí ni mo lè ṣe?”

“Ọ̀la ni ìdájọ́. Ẹni tí ó fi ẹnu dè é, kí ó lọ fi ẹnu tú u, bí ẹnu rẹ̀ bá ṣì ní agbára.”

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀ sórí ẹní tí Àwẹ̀ró tẹ́ fún mi, mo sì bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀. Mo ní, Olúwa, ìwọ ni ó wí pé kí á má ṣe jẹ́rìí èké. Òtítọ́ ni mo sọ ní ìdí kànga, òtítọ́ náà sì fẹ́ pa ènìyàn. Àwọn agbẹ̀bí Hébérù wá sí mi lọ́kàn, àwọn tí wọ́n parọ́ fún Fáráò nítorí ọmọ tí wọn kò fẹ́ pa, tí Ọlọ́run sì ṣe rere fún wọn. Mo dìde. Mo ti pinnu pé n óò parọ́, n óò sì pa á dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún àwọn Elétí pé mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ọba Atẹnibọlẹ̀ jókòó ní gbàgede ààfin níwájú gbogbo ìlú. Ìtẹ́ rẹ̀ kì í ṣe igi. Ènìyàn ni, ogójì ọkùnrin tí wọ́n dùbúlẹ̀ lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá kú nísàlẹ̀, wọn a fà á yọ, wọn a sì ti òmíràn bọ̀ ọ́. Mo ti retí pé ohùn rẹ̀ yóò dà bí àrá. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹ̀rín músẹ́ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró dúró níwájú rẹ̀, okùn wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ọdẹ, ọ̀rẹ́ mi,” ni ọba wí, “wọ́n ní o fẹ́ yí ọ̀rọ̀ rẹ padà.”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Òùngbẹ ló gba ọgbọ́n lórí mi. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ wà. Mo gbàgbé ni.”

“O gbàgbé ẹkùn?”

“Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí rí, Kábíyèsí. Ó ti darúgbó.”

“Ó sì dé adé?”

“Irun àtàrí rẹ̀ ló dúró bí adé.”

“Ìtẹ́ ńkọ́?”

“Kùkùté ìrókò ni. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí.”

“Ẹran sì ń rìn wọ ẹnu rẹ̀.”

“Ẹnu rẹ̀ ń rùn, Kábíyèsí. Àwọn ẹran rò pé ihò ni.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàrin èrò, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọba náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo gbà á gbọ́. Ẹ tú obìnrin náà sílẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkàn mi fò bí ti ẹyẹ tí ó bọ́ nínú pańpẹ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orin ìyìn. Wọ́n yọ okùn lọ́rùn rẹ̀. Nígbà náà ni ọba gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ ẹkùn ni, a jẹ́ pé orin eré ni. Láti òní lọ, ní ìdí kànga, lójoojúmọ́, gbogbo ìlú ni yóò máa kọ ọ́, wọn yóò máa jó sí i, wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín, nítorí ẹkùn arúgbó tí ẹnu rẹ̀ ń rùn jẹ́ ohun ẹ̀rín. Bí a bá rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀, a óò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni ó gbọ́. Ẹni náà yóò wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mi níhìn-ín. Ọdẹ, ṣé o rí i pé mo jẹ́ onínúure?”

Àwẹ̀ró yíjú sí àwọn ará ìlú. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ kí ó tó wò wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

Ó ní, “Ọdẹ, o ṣeun. Irọ́ rẹ yìí, inú rere ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n jókòó.”

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí yín ni!”

“O kì í ṣe ará ibí. Bí mo bá kì í, wọn a sunkún díẹ̀, wọn a sì lè padà sílé lọ dáná alẹ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu, kí ni wọn yóò fi rí ọ̀la?”

Ó nà ró. Ó wo ọba lójú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí.

“Atẹnibọlẹ̀,” ó ní, “ìwọ ni. Kì í ṣe ẹkùn. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹkùn.”

Afẹ́fẹ́ dúró. Èmi náà kò mọ ìgbà tí mo gbé ìbọn tí wọn kò gbà lọ́wọ́ mi sí èjìká. Ìbọn mi kì í tàsé, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi. Mo yìn ín. Mo rí i tí ọta lu àyà ọba náà. Ó wọlé bí òkúta tí a jù sínú ẹrẹ̀, ara rẹ̀ sì pa dé mọ́ ọn. Ó fi èékánná họ ibẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Kò tilẹ̀ bínú sí mi. Ọkùnrin kan nísàlẹ̀ ìtẹ́ ni ó kérora, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ọba bi àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló gbọ́ ohun tí obìnrin yìí wí?”

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà àti ọmọdé, “A kò gbọ́ nǹkan kan, Kábíyèsí.”

Mo wo Bàbá Lámbẹ́. Ẹnu tirẹ̀ náà bá wọn sọ ọ́.

Ọba ní kí wọ́n mọ Àwẹ̀ró mọ́ ara ògiri ààfin. Àwọn ará ìlú ni ó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ni ó pọn omi ní kànga, àwọn ni ó fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀. Olúkúlùkù mú ìṣù ẹrẹ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́, ó kọjá. Ìyá tí ó pọn ọmọ lẹ tirẹ̀. Ẹrẹ̀ dé ìbàdí, ó dé àyà, ó dé ọrùn. Nígbà tí ó ku ojú nìkan, wọ́n gbé ìṣù tí ó kẹ́yìn lé mi lọ́wọ́.

Ní gbogbo ibi tí mo ti ń sọ ìtàn, ẹ̀yin ará, ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ sọ pé Elétí méjì di ọwọ́ mi mú. Lónìí mo jẹ oúnjẹ Olúwa, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dì mí mú. Wọ́n kàn dúró tì mí ni. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo lé ẹfọ̀n wọ igbó iwin, ẹ̀rù bà mí, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ọdẹ, rọra. Ẹrẹ̀ ń wọ mí lójú.”

Mo rọra. Ohun tí mo ṣe fún un nìyẹn. Mo rọra.

Wọ́n lé mi jáde ní ìlú náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Bàbá Lámbẹ́ di apá mi mú, ó sìn mí dé ibi tí ẹsẹ̀ aláìní-òjìji lè dé. Níwọ̀n bí kò ti sí Elétí nítòsí, ó sún ẹnu mọ́ mi létí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹkùn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó fi gbólóhùn tí Àwẹ̀ró sọ níwájú ọba kún un, pẹ̀lú orúkọ ọba àti àforíjì ẹkùn.

Mo ní, “Bàbá, ẹ gbọ́! Kí ló dé tí gbogbo yín fi ní ẹ kò gbọ́?”

“Ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ lónìí,” ó dáhùn, “ta ni yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lọ́la?”

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí.”

Ó yọ ọwọ́ mi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ẹni tí ó lè dárí rẹ̀ jì ọ́ wà nínú ògiri.”

Ó yí padà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà kànga lọ.

Ibi tí mo lè bá ọ̀rọ̀ yìí dé nìyí, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run. Kí Ẹni tí ó gbọ́ igbe Ísírẹ́lì ní Íjíbítì máà di etí rẹ̀ sí Ẹmásọ. Kí ó má sì mú wa dé ibi tí a óò ti po ẹrẹ̀ fún ẹni tí ó fún wa lómi. Ìyá Ìjọ, ẹ dákun, ẹ bá wa dá orin kan kí a tó túká. Ẹ má dá orin ayọ̀.